Ataare Àpòmù àti Ikú Àwọn Ẹ̀gbọ́n Mi Mẹ́ta: Ìtàn Mẹ́dọ̀wú àti Jẹjẹrẹ Ẹ̀dọ̀

  Àwọn tí mo kọ́ ní ìtàn láàrin yín á rántí ìbéèrè kan tí kì í wọ́n nínú ìdánwò mi: kí ló fa Ogun Òwu? Ẹni tó bá ní ataare ni, mo máa ń fún un ní máàkì díẹ̀. Ẹni tó bá ní ataare kọ́, òun náà á gba díẹ̀. Ẹni tó bá lè ṣàlàyé bí ataare ṣe so mọ́ ohun tó ti wà nílẹ̀ kó tó dé, òun ló ń gba máàkì tó pọ̀.

Àpòmù tí kò jìnnà sí ibi tí mo jókòó sí yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀. Láyé ìgbà yẹn, ọjà Àpòmù ni ará Ọ̀yọ́, ará Ifẹ̀, ará Òwu àti ará Ìjẹ̀bú ti ń pàdé. Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn rẹ̀ tó jáde ní 1921 pé ìjà lórí ataare nínú ọjà náà ló tanná ran ogun tó pa ìlú Òwu run. Ṣùgbọ́n kí ìjà ataare tó ṣẹlẹ̀, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń jí ènìyàn gbé tà ní agbègbè yẹn, tí inú sì ti ń bí ìlú kan sí ìkejì. Ataare ni gbogbo ojú rí. Ìjínigbé ló ti ń jó lábẹ́ eérú. Okùnfà tòsí, okùnfà ọ̀nà jíjìn: orúkọ tí mo fi pè wọ́n ní kíláàsì nìyẹn.

Ohun tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ lónìí ni pé èmi tí mo fi ọgbọ̀n ọdún ó lé kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ọgbọ́n yìí, mi ò lò ó nínú ilé bàbá mi lọ́jọ́ tó yẹ kí n lò ó.

Ìkirè ni wọ́n bí mi sí. Ìyàwó méjì ni bàbá mi fẹ́. Ìyálé bí ọkùnrin mẹ́ta àti obìnrin kan. Ìyá tèmi, ìyàwó kékeré, bí àwa méjì. Ní 1974, àkọ́bí bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Ó ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ń dun òun, lábẹ́ egungun ìhà. Kò pẹ́ tí ojú rẹ̀ fi pọ́n, tí ìtọ̀ rẹ̀ dúdú bí omi àgbo, tí ikùn rẹ̀ wú bíi ti aboyún, tí apá àti ẹsẹ̀ sì gbẹ bí igi. Kò lò ju oṣù mẹ́rin lọ. Ọmọ ọdún 38 ni. Wọ́n ní ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ni. Èkejì kú ní 1977, ikú kan náà. Ẹ̀kẹta bẹ̀rẹ̀ ní 1981, òun nìkan la sì gbé dé ilé ìwòsàn ńlá ní Ìbàdàn. Dókítà sọ fún wa pé jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ni, pé ó ti kọjá ohun tí ọwọ́ lè ká. A gbé e padà sílé, ó kú.

Nígbà tí a sin ín tán, àwọn àgbà ẹbí pe ìpàdé. Wọn ò bèèrè pé kí ló ń pa wọ́n o. Ta ló ń pa wọ́n ni wọ́n bèèrè. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí lójú wọn: ọmọ ìyálé mẹ́ta ló kú, orí kò sì fọ́ ọmọ ìyàwó kékeré kankan. Bẹ́ẹ̀, ìyá mi ló máa ń se oúnjẹ nígbà tí ìyálé bá lọ sọ́jà. Kò sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀. Bàbá àgbà kan kàn fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ pa á lówe: àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Gbogbo ilé dákẹ́. Èmi náà dákẹ́. Olùkọ́ ìtàn ni mí nígbà yẹn, mo ti ń kọ́ wọn ní Ogun Òwu. Ẹ̀rù àwọn àgbà bà mí. Ká sọ òótọ́ sí i, ọkàn mi náà ṣiyèméjì díẹ̀. Ìyẹn ló ń dùn mí jù.

Kò tó oṣù kan lẹ́yìn náà tí ìyá mi di ẹrù rẹ̀. Aṣéjìrè ló lọ, létí adágún ńlá tí ìjọba ṣe nígbà tí wọ́n fi ìdídò sé odò Ọ̀ṣun kí omi ẹ̀rọ lè dé Ìbàdàn. Ó ń ra ẹja tútù lọ́wọ́ àwọn apẹja, ó ń yan án, ó sì ń tà á fún àwọn arìnrìn-àjò tó ń gba ojú títì Ìbàdàn sí Ifẹ̀ kọjá. Ibẹ̀ ló wà títí ó fi kú ní 1996. Kò fi ẹsẹ̀ tẹ agbo ilé wa ní Ìkirè mọ́ rárá.

Ní 2017, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ìyẹn ọmọ kan ṣoṣo tó kù fún ìyálé, lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò nítorí ìrìn àjò. Wọ́n bá mẹ́dọ̀wú B níbẹ̀. Dókítà ní kó pe ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ wá. Ìyá ní in. Àbúrò rẹ̀ kan ní in. A wá ranṣẹ́ sí àwọn ọmọ àwọn tó ti kú, a bá a lára méjì nínú wọn. Èmi náà lọ. Ẹ̀jẹ̀ tèmi fi hàn pé kòkòrò náà ti gba ara mi kọjá rí, àmọ́ ara mi lé e jáde. Mo jókòó sínú ọkọ̀ mi nígbà tí mo gba ìwé náà, mi ò lè wa ọkọ̀. Kò sẹ́ni tó yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹ̀gbọ́n mi mẹ́ta wò kí wọ́n tó kú, ṣùgbọ́n òpìtàn mọ ibi tí ẹ̀rí ń tọ́ka sí.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ka ìtàn àrùn yìí bí mo ṣe ń ka ìtàn ogun. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí fún yín.

Ní November 1957 ni wọ́n ṣí ilé UCH tuntun ní Ìbàdàn. Ọdún yẹn gan-an ni dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Baruch Blumberg, wá sí Nàìjíríà láti gba ẹ̀jẹ̀ oríṣiríṣi ẹ̀yà. Kì í ṣe mẹ́dọ̀wú ló ń wá o. Ìyàtọ̀ tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn sí ènìyàn ló ń wá, ohun tí a bí mọ́ni. Lẹ́yìn náà, láàrin 1960 sí 1963, Ọ̀jọ̀gbọ́n Edington àti Maclean ka iye àwọn tí jẹjẹrẹ mú ní Ìbàdàn, wọ́n sì tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 1965. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀, tó ṣọ̀wọ́n nílẹ̀ àwọn Òyìnbó, wà lára èyí tó wọ́pọ̀ láàrin ọkùnrin níbí. Irú ohun kan náà ni wọ́n ń rí ní Dakar, níbi tí Payet àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń sọ láti àwọn ọdún 1950 pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ mẹ́dọ̀wú ló ń ṣáájú jẹjẹrẹ náà. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni nígbà yẹn, torí kò sẹ́ni tó tíì rí kòkòrò náà.

Blumberg ló ṣèèṣì kàn án. Ó rí i pé ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin kan tí wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ sí lára lọ́pọ̀ ìgbà ní New York ń bá ohun kan jà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ onílẹ̀ Australia kan. Ó kọ ọ́ jáde ní 1965, ó sì pe ohun náà ní àmì Australia. Ní ọdún 1967, òṣìṣẹ́ kan nínú yàrá ìwádìí rẹ̀ ní mẹ́dọ̀wú, àmì náà sì yọ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ ni ojú ti bẹ̀rẹ̀ sí í là: ara mẹ́dọ̀wú B ni àmì yẹn ti wá. Wọ́n fún Blumberg ní ẹ̀bùn Nobel ní 1976. Ọjọ́ ìbí rẹ̀, 28 July, ni gbogbo ayé fi ń ṣe Àyájọ́ Ọjọ́ Mẹ́dọ̀wú.

Ọdún 1976 náà ni ìwádìí kan jáde láti Dakar tó mú mi lọ́kàn ju gbogbo rẹ̀ lọ. Bernard Larouzé, Blumberg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ wò, wọ́n sì yẹ ti ìyá wọn náà wò. Àwọn ìyá tó ní àmì B lẹ́jẹ̀ pọ̀ jìnnà ju ìyá àwọn tí kò ní jẹjẹrẹ lọ. Ìyẹn ni pé láti ọjọ́ ìkúnlẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ti gbé e. Ọmọ tó bá gbà á lọ́jọ́ ìbí, nínú mẹ́wàá, bíi mẹ́sàn-án ni kò ní í kúrò lára wọn. Àgbàlagbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á, nínú ogún, ó lè má ju ẹyọ kan lọ tí yóò dúró sí lára. Nílẹ̀ wa níbí, àwọn ọmọdé tún máa ń kó o ran ara wọn níbi eré, láti ojú egbò sí ojú egbò. Ọ̀nà yẹn ni tèmi fi ṣeé ṣe kó wọlé.

Lẹ́yìn náà ló kan Taiwan. Palmer Beasley àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tọpa òṣìṣẹ́ ìjọba 22,707, ọkùnrin ni gbogbo wọn. 3,454 ní àmì B lẹ́jẹ̀, 19,253 kò ní. Nígbà tí wọ́n tẹ àbọ̀ jáde, 41 ti kú ikú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Nínú 41 yìí, 40 ló wá láti inú àwọn tó ní àmì náà. Ẹnì kan péré ló wá láti ìhà kejì. Ewu tiwọn fi ìlọ́po 223 ju ti àwọn yòókù lọ. Ọdún wo ni ìwé náà jáde? 1981. Ọdún tí àwọn àgbà ilé wa jókòó, tí wọ́n ń bèèrè pé ta ló ń pa wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Aṣéjìrè, torí nǹkan kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ tún ṣe. Lọ́dún tó kọjá, mo yà lọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń ta ẹja ní ibi tí ìyá mi ń tà tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ọkọ àbúrò rẹ̀ tí ikùn rẹ̀ wú tó sì kú. Ó ní, "Bàbá, omi yìí ni. Wọ́n ní mẹ́dọ̀wú inú omi ni." Mo ní, "Ìyá, orúkọ kan ni wọ́n jẹ́, ìwà wọn kò dọ́gba." Ohun tí mo sọ fún un nìyí.

Mẹ́dọ̀wú márùn-ún ló gbajúmọ̀: A, B, C, D àti E. A àti E ló ń gba inú omi àti oúnjẹ tí ìgbẹ́ ti kàn wọlé. Wọ́n lè dá ènìyàn wólẹ̀, E sì le gan-an fún aboyún, ó lè pa á. Ṣùgbọ́n bí àlejò ni wọ́n, wọ́n á wá, wọ́n á sì lọ. Wọn kì í jókòó sínú ẹ̀dọ̀ fún ogún ọdún, wọn kì í sì í fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Ká se omi mu, ká fọ ọwọ́, ó dáa, ó pọn dandan, àmọ́ ìyẹn kò lè dá B dúró.

B àti C, inú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń gbà. B tún ń gba inú ìbálòpọ̀ àti ìbímọ. Abẹ olóòlà, abẹ́rẹ́ tí a fi gún ẹni méjì, abẹ tí wọ́n fi sín gbẹ́rẹ́ fún odidi agbo ilé, abẹ onígbàjámọ̀ tí kò rí iná tàbí oògùn: ọ̀nà wọn nìyẹn. Bí àwọn méjèèjì ṣe ń ṣiṣẹ́ ló yàtọ̀. B lè ki ara rẹ̀ bọ inú àkọsílẹ̀ tí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ fi ń darí ara rẹ̀, bí ìgbà tí ẹnì kan bá yọ́ wọ inú ìwé ilẹ̀ tó sì fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kún un. Ìdí nìyẹn tí jẹjẹrẹ fi lè yọ lára ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò tíì bàjẹ́ pátápátá. C kì í wọ inú àkọsílẹ̀ náà. Ńṣe ló ń jó ẹ̀dọ̀ díẹ̀díẹ̀, egbò á jinná, òmíràn á yọ, títí ẹ̀dọ̀ á fi kún fún àpá tí á sì le gbagidi. Inú ẹ̀dọ̀ tó ti le yẹn ni jẹjẹrẹ ti sábà máa ń yọ. Ọdún 1989 ni Michael Houghton, Qui-Lim Choo, George Kuo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tó dá C mọ̀. Kó tó dìgbà náà, mẹ́dọ̀wú tí kì í ṣe A tí kì í ṣe B ni wọ́n ń pè é. Ní Íjíbítì, abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń tún lò nígbà tí wọ́n ń wo àtọ̀sí ajá ló tan C ká láàrin àwọn ará oko. Wọn kò mọ̀. Ìwòsàn ni wọ́n rò pé àwọn ń ṣe.

D, tí Mario Rizzetto rí ní Ítálì ní 1977, kò lè dá gbé. Ayálégbé B ni. Ẹni tí kò bá ní B kò lè ní D, àmọ́ tí méjèèjì bá pàdé lára ẹnì kan, ẹ̀dọ̀ onítọ̀hún á tètè bàjẹ́, ewu jẹjẹrẹ á sì pọ̀ sí i.

Ohun kan tún wà tó kan àwa àgbẹ̀ Ìkirè àti Àpòmù. Ní 1960, tòlótòló tó lé ní 100,000 kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nítorí oúnjẹ tí wọ́n fi ẹ̀pà tó bu ṣe. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí májèlé tí wọ́n ń pè ní aflatoxin, tó ń wá látara ẹ̀pà àti àgbàdo tó bu. Lára ẹni tó ní B, májèlé yìí ń sọ ewu di ìlọ́po. Ọtí líle náà ń dá kún un. Ẹ sá àgbàdo yín kó gbẹ dáadáa. Èyí tó bá ti bu, ẹ má ṣe lọ̀ ọ́ mọ́ èyí tó dáa.

Obìnrin náà wò mí, ó ní, "Bàbá, ta ló wá fi í sí i lára?" Ìbéèrè 1981 nìyẹn, ó tún padà wá. Mo ní kò sẹ́ni tó fi í sí i lára. Ó ṣeé ṣe kó ti wà níbẹ̀ kó tó lè sọ̀rọ̀. Ohun tó ń pa ènìyàn lọ́mọ ogójì ọdún, ọjọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ̀ lè bá a níbẹ̀. Àwa ń wo ọbẹ̀ àná. Ataare la ń wò.

Ìròyìn ayọ̀ wà níbẹ̀ o. Taiwan bẹ̀rẹ̀ ètò abẹ́rẹ́ àjẹsára B fún ìkókó ní 1984. Láàrin àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà sí mẹ́rìnlá, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ tó ń mú 0.70 nínú 100,000 lọ́dún já sí 0.36 láàrin ọdún mẹ́wàá tó tẹ̀ lé e. Gáḿbíà bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 1986. Nàìjíríà fi í kún àjẹsára ọmọdé ní 2004. Ẹ ṣírò rẹ̀: àwọn tí wọ́n bí ṣáájú ọdún yẹn ni bàbá àti ìyá ọmọ tí ẹ ń rí lónìí. Ìwádìí tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2018 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó wà láàrin ọdún 15 sí 64, bíi mẹ́jọ ló ní B, bíi ẹyọ kan ló ní C. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò mọ̀.

Torí náà, ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò, pàápàá tí ẹnì kan bá ti kú irú ikú yìí nínú ẹbí yín. Tí wọ́n bá bá C, oògùn oníhóró wà tí wọ́n ń lò fún oṣù méjì sí mẹ́ta, ó sì ń wo ènìyàn tó lé ní 95 nínú ọgọ́rùn-ún sàn. Tí ó bá jẹ́ B, oògùn wà tó ń tẹ̀ ẹ́ lórí ba, àyẹ̀wò loórèkóòrè á sì jẹ́ kí dókítà tètè rí jẹjẹrẹ tó bá fẹ́ yọjú. Ìkókó gbọ́dọ̀ gba abẹ́rẹ́ B láàrin wákàtí 24 tí wọ́n bí i. Ẹ má dúró de ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Ẹni tó ní B lè ṣègbéyàwó, kí ẹnì kejì rẹ̀ ṣáà gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Kì í gba inú àwo oúnjẹ, kì í gba inú ìbọwọ́. Ẹ má ṣe ya abọ́ ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀.

Ní ọdún 2018, mo pe ìpàdé ẹbí ní Ìkirè, nínú yàrá kan náà. Púpọ̀ nínú àwọn àgbà ìgbà yẹn ti lọ. Mo sọ gbogbo ohun tí mo sọ fún yín yìí, mo sì sọ pé mo dákẹ́ lọ́jọ́ tó yẹ kí n sọ̀rọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí pé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin á rò pé mo fẹ́ gbé ẹ̀bi náà kúrò lórí ìyá mi kí n gbé e ka orí ìyá tirẹ̀. Ó dìde, ó fi ìborùn nu ojú. Ó ní, "Àbúrò mi, ìyá mi náà bú ara rẹ̀ títí ó fi kú, ó ní ilé ọmọ òun ló burú. Àwọn méjèèjì la fìyà jẹ." Lọ́jọ́ kejì, ó ní kí n gbé òun lọ sí Aṣéjìrè. Ó dúró níbi tí ìyá mi ti ń yan ẹja, ó ra ẹja méjì, ó gbé ọ̀kan fún mi. A ò sọ̀rọ̀ títí a fi délé.